Windows, Linux, àti Ìjókòó Ọjọ́ Àbámẹ́ta Tí A Fẹ́rẹ̀ẹ́ Pàdánù

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń dá mi dúró lójú ọ̀nà Ìlobù pé, "Bàbá Fúnmi, ṣé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ṣì dára láti kọ́?", ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, torí ẹsẹ̀ mi kò gba ìdúró pípẹ́ mọ́. Ó dára. Ó dára gan-an ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rò pé ẹ̀rọ nìkan ni ẹ óò máa bá ṣe, ẹ kò tíì mọ ohun tí ẹ ń bèèrè. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi tún kọ̀ǹpútà ṣe, tí mo sì ń kọ́ àwọn èèyàn bí a ṣe ń kọ ètò tí yóò máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ohun tó já mi láyà jù lọ kì í ṣe ẹ̀rọ tó kọ̀ tí kò tàn. Ìjókòó kan ni, tí àwọn ará Ìlobù àti àwọn ará Ìfọ́n jọ máa ń ṣe lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kì í ṣe nítorí owó, bí kò ṣe nítorí pé wọ́n fẹ́ràn kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rù bà mí pé yóò tú ká lójú mi. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

Ìlobù ni wọ́n bí mi sí. Tíṣà ni bàbá mi, ó sì fẹ́ kí èmi náà ṣe tíṣà. Ọjọ́ kan ló rán mi ní iṣẹ́ lọ sí Òṣogbo, ni mo bá rí ẹ̀rọ kan lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù kan, tí lẹ́tà aláwọ̀ ewé ń to ara wọn lójú rẹ̀. Mo dúró, mo ń wò ó, títí tí wọ́n fi ní kí n wọlé tàbí kí n máa lọ. Mo wọlé. Bí wọ́n ṣe gbà mí àti iye tí wọ́n ń san fún mi, ẹ má fi yọ ara yín lẹ́nu. Wọ́n gbà mí, owó náà kéré, bàbá mi kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹni tí a jọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ni Lásún, ọmọ Ìfọ́n. Ìlú wa àti tiwọn fara kanra débi pé àlejò kò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Àwa tí a bí síbẹ̀ ni a mọ̀ ọ́n, a sì mọ̀ ọ́n jù. Ọkọ̀ kan náà ni èmi àti Lásún jọ ń wọ̀ lọ sí Òṣogbo láràárọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ púpọ̀ kọjá kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ti ara wa nínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi nígbà náà pé ọkùnrin yìí ni yóò di ọ̀rẹ́ tí mo ní jù láyé, n óò fi í ṣẹ̀rín ni.

Bàbá Ìbejì ni gbogbo èèyàn ń pe ọ̀gá wa, torí pé ìbejì ni ìyàwó rẹ̀ fi ṣe àkọ́bí. Ọkùnrin náà le. A gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, a gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́, a kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀ ni, a wá kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n ní a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Pẹ́ńsù àti ìwé ni wọ́n gbé lé wa lọ́wọ́. BASIC ni èdè kọ̀ǹpútà tí ọ̀gá fi ń kọ́ wa nígbà náà, orí ìwé ni a sì ti máa ń kọ ètò wa. Tí a bá kọ ọ́ tán, a óò kà á sókè, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni yóò sì ṣe bí kọ̀ǹpútà. Ohun tí a bá kọ gẹ́lẹ́ ni yóò ṣe, kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn wa.

Lásún kọ ètò kan lọ́jọ́ kan pé kí ẹ̀rọ máa kí èèyàn. Ó kọ ìkíni náà dáadáa, ó sì ní kí ẹ̀rọ padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbàgbé láti sọ ìgbà tí yóò dá a dúró. Ọ̀gá jókòó, ó bẹ̀rẹ̀: "Ẹ káàárọ̀. Ẹ káàárọ̀. Ẹ káàárọ̀." A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wa. Oníbàárà kan wọlé, ó dáhùn ìkíni náà tìyanu-tìyanu, ọ̀gá kò dákẹ́. A dọ̀bálẹ̀, a ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà." Ó jọ pé ẹnu ti ń ro ọ̀gá kó tó dáwọ́ dúró.

"Kì í ṣe èmi lẹ óò máa bẹ̀," ni ọ̀gá wí. "Ẹ̀rọ kò gba ẹ̀bẹ̀. Ẹ lọ tún un kọ."

Títí di òní, tí mo bá kọ ohun kan tó ní àyípo nínú, mo máa ń gbọ́ "ẹ káàárọ̀" yẹn létí. Ọ̀gá sì ní òfin kan tó le ju gbogbo ìyókù lọ: a kò gbọ́dọ̀ fi ìlú pe ẹnikẹ́ni nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Mo rò pé àṣejù ni, títí di ìgbà tí nǹkan bàjẹ́.

Díìsìkì ayé ìgbà náà fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, ó sì rọ̀. Orí méjì ni a máa ń fi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí, kí ọ̀kan má bàa bàjẹ́ kó di pé gbogbo rẹ̀ ti lọ. Àwọn ẹlòmíì a máa kọ "ojúlówó" àti "ẹ̀dà" sí wọn lára. Ọ̀gá wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Táyé àti Kẹ́hìndé ló máa ń kọ. Lójú tirẹ̀, kò sí ohun tó tún lè yé èèyàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: Táyé ni wọ́n rán jáde kó lọ wo bí ayé ṣe rí, nítorí náà òun ni díìsìkì tó ń lọ sọ́dọ̀ oníbàárà, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n tó jókòó sílé, òun ni ojúlówó. Kò ṣàlàyé èyí fún wa rí. Ta ni yóò máa ṣàlàyé Táyé àti Kẹ́hìndé fún ọmọ Yorùbá?

Ilé ẹ̀kọ́ kan gbé iṣẹ́ wá, pé kí a kọ ètò tí yóò máa ṣírò èsì ìdánwò àwọn ọmọ wọn. Ọ̀gá kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀. Táyé lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà, oòrùn pa á nínú ọkọ̀, ó sì padà dé pẹ̀lú ìdajì ohun tó wà lára rẹ̀. Ìnáwó àna ọ̀gá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ náà gan-an. Bó ṣe ń jáde ló ní, "Lásún, tún Táyé àti Kẹ́hìndé ṣe kí n tó dé."

Lásún gbé díìsìkì méjèèjì síwájú; ọ̀gá kò sọ èyí tó bàjẹ́ fún un. Ó ronú. Táyé ló kọ́kọ́ wá sáyé, Kẹ́hìndé ló tẹ̀ lé e. Èyí tó kọ́kọ́ wà ni ojúlówó, èyí tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀dà. Ló bá kọ ohun tó wà lára Táyé lé Kẹ́hìndé lórí. Nígbà tí ẹ̀rọ parí ìkùnyùnmù rẹ̀ tí a wò ó, àwọn ìbejì ti jọra pátápátá: ìdajì ètò lára ọ̀kan, ìdajì ètò lára èkejì. Gbogbo iṣẹ́ ọ̀gá ti lọ, ilé ẹ̀kọ́ sì ń retí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ọmọ Ìlobù bíi tèmi. Ó wo ojú ẹ̀rọ, ó ní, "Ṣé ẹ rí ohun tí ará Ìfọ́n ṣe fún wa." Kò pariwo. Ọ̀rọ̀ náà kàn jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni pé ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ojú Lásún yí padà.

Nígbà tí ọ̀gá dé, ó béèrè ẹni tó ṣe é. Ẹ̀gbọ́n wa tún sọ ọ́: "Ará Ìfọ́n yìí ni, sà."

"Mi ò bi ọ́ ní ìlú," ni ọ̀gá wí. "Orúkọ ni mo bi ọ́."

Lásún dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Èmi ni, sà."

"Kí ló dé tí o fi fi Táyé bo Kẹ́hìndé mọ́lẹ̀?"

"Táyé ló kọ́kọ́ dé, sà."

Ọ̀gá wò ó títí. Mo rò pé ó fẹ́ lé e ni. Ó wá jókòó sórí àpótí tó wà nítòsí, ó ní, "Ó kọ́kọ́ dé lóòótọ́. Ìyàwó mi nìkan ló lè dá ẹjọ́ yìí." Ló bá ní kí Lásún dìde. Ó kó ìwé àti pẹ́ńsù fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fi ẹ̀gbọ́n wa sí àárín èmi àti Lásún, ó ní a kò ní í dìde lórí ìjókòó yẹn fún iṣẹ́ mìíràn títí a óò fi tún ètò náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó bá rántí ìlà kan yóò sọ ọ́ fún àwọn tó kù.

Ẹ̀gbọ́n wa ló rántí jù lọ. Ìgbà tó yá, òun gan-an ló ń fi ìgúnpá ta Lásún pé, "Ìwọ, kí ló tẹ̀ lé eléyìí?" A parí rẹ̀ kí ilé ẹ̀kọ́ tó béèrè. Nígbà tí ètò náà ṣiṣẹ́ tó gbé èsì ọmọ àkọ́kọ́ jáde láìsí àṣìṣe, ìtura tó bá mi pọ̀ débi pé mo jáde sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá ti ń kọ "Má pa á rẹ́" sábẹ́ orúkọ gbogbo Kẹ́hìndé.

Orí ìjókòó yẹn ni àríyànjiyàn èmi àti Lásún ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní BASIC ló fa wàhálà ayé òun, pé èdè tí kò ní ìlànà ni. Ó ti rí ìwé kan lórí Pascal, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ torí pé nínú Pascal, èèyàn gbọ́dọ̀ dárúkọ gbogbo ohun tó fẹ́ lò kó tó lò ó, bí ìgbà tí a bá ń tọrọ ìyàwó tí a kọ́kọ́ ń fi ẹbí han ara wa. Mo ní ta ló ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Nínú BASIC, o kàn sọ ohun tí o fẹ́ ni, ẹ̀rọ á ṣe é. A bá a lọ nínú ọkọ̀ láti Òṣogbo dé Ìlobù, mo sì gbàgbé láti sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí a gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá, èmi ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ìlobù, Lásún ṣí tirẹ̀ sí Ìfọ́n. Windows dé, pẹ̀lú àwòrán kéékèèké àti máòsì, Lásún sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní ìyá arúgbó lè lò ó. Èmi kò fẹ́ràn kí ẹ̀rọ máa fi ohun tó ń ṣe pamọ́ fún mi, nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹnì kan fún mi ní Linux, ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí ẹ̀rọ bíi ti Windows, lórí àwo díìsìkì, tó ní mo lè tú u wò, kí n sì dà á kọ fún ẹni tó bá wù mí, mo rò pé ó ń tàn mí ni. Mo gbé e sórí ẹ̀rọ tèmi, mo sì ń pín in fún gbogbo ẹni tó bá yà sọ́dọ̀ mi ní Ìlobù. Lásún máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Àwọn oníbàárà rẹ ń kọ́?" ni yóò wí. "Ṣé wọ́n mọ ohun tí ò ń gbé fún wọn?"

"Windows ni mo ń fi fún oníbàárà," ni mo máa ń dá a lóhùn. "Linux, tìfẹ́ ni."

Tìfẹ́ yẹn ló bí ìjókòó wa. Àwa méjì la bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ yìí lọ́dọ̀ mi, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Nọ́ọ̀sì kan láti Ìlobù wà nínú wọn, Ṣadé ni orúkọ rẹ̀, tí kò gbọ́dọ̀ gbọ́ kí a sọ ohun búburú nípa Linux. Wàsíù wà níbẹ̀, télọ̀ ní Ìfọ́n, ọ̀jáfáfá ni nínú ètò kíkọ; ó fi Python, èdè kọ̀ǹpútà ayé òde òní, kọ ètò tó ń ṣírò bí a ṣe ń gé apá aṣọ, Windows ló sì ń lò. Àgbẹ̀ oníṣu kan wà pẹ̀lú, ará Ìlobù, tó kàn fẹ́ràn Linux torí pé kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Python ni gbogbo wọn ń kọ, èmi àti Lásún nìkan ló kù tí a ṣì ń jà lórí BASIC àti Pascal, wọ́n sì máa ń fi wá rẹ́rìn-ín.

Nítorí pé èmi ni mo pín Linux ní Ìlobù, tí Lásún sì kọ́ àwọn tirẹ̀ ní Windows, ẹnì kan fi ṣe àwàdà lọ́jọ́ kan pé Windows ti Ìfọ́n ni, Linux ti Ìlobù ni. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi àti Lásún kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin náà mọ ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n. N kò ní í tú u palẹ̀ níbí, n kò sì ní í sọ ẹni tó jàre. Ìjà náà tún gbóná, a sì sá nílé. Èmi sá lọ sọ́dọ̀ Fúnmi, ọmọ mi obìnrin, ní Òṣogbo. Lásún àti ìyàwó rẹ̀ sá lọ sí Ìkìrun lọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní títì pa, ojú mi sì ti ń ṣe bàìbàì, mo bá sọ fún Fúnmi pé mo ti fẹ̀yìn tì. Bí iṣẹ́ mi ṣe parí nìyẹn, láìsí àpèjẹ kankan.

Iṣẹ́ tó parí kò dùn mí. Ìjókòó wa ló ń dùn mí. Gúrúùpù wa lórí fóònù dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹnì kan jáde kúrò nínú rẹ̀ láìdágbére, ẹlòmíì tẹ̀ lé e. Mo máa ń pe Lásún. N kò mọ ohun tí mo lè bi í, òun náà kò mọ ohun tó lè bi mí, nítorí náà Pascal ni a máa ń sọ. Á ní, "Ìwọ àti BASIC rẹ yẹn." Màá ní, "Àní mi ò fi í sílẹ̀." Ẹnì kan á wá sọ pé ó dàárọ̀. Mo rò ó lọ́kàn mi pé bí a bá padà sílé tí àwọn èèyàn yìí kò bá lè jókòó sínú yàrá kan náà mọ́, òfo ni gbogbo ohun tí mo fi ayé mi ṣe.

Nígbà tí nǹkan rọlẹ̀, tí àwọn èèyàn ń padà, Lásún pè mí. "Mo ti wà nílé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí, ọ̀dọ̀ mi ni."

"Ta ni yóò wá?"

"Ìwọ," ló wí. "Ta ni mo tún ń wá?"

Fúnmi ní kí n má lọ. Ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kó tún pẹ́ díẹ̀ sí i." Mo lọ. Ọ̀kadà ló gbé mi dé ilé Lásún. Ìyàwó Lásún, Ìyá Dámi, ló kúnlẹ̀ kí mi lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Fúnmi. Ẹ kú ewu." Ó di ọwọ́ mi mú, kò tètè fi í sílẹ̀.

A rò pé àwa méjì náà ni yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n wá. Wàsíù wá, Ṣadé wá, àgbẹ̀ oníṣu wá, àwọn mélòó kan sí i. Wọ́n kí ara wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwọn ará Ìfọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, àwọn ará Ìlobù jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, àyè òfìfo sì wà láàárín wọn. Kò sẹ́ni tó mú wọn jókòó bẹ́ẹ̀. Lásún wo ilẹ̀. Mo ní nínú ara mi pé ó ti tán nìyẹn.

Bóyá torí pé kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe, Wàsíù mú láptọ́ọ̀pù rẹ̀ jáde, ó ṣí i. Ṣadé rí ojú rẹ̀ láti ọ̀ọ́kán.

"Wàsíù. Linux kọ́ nìyẹn?"

"Òun ni." Wàsíù kò gbójú sókè. "Ẹ̀rọ mi ti gbó, Windows kò rìn lórí rẹ̀ mọ́. Ibi tí a sá lọ ni mo ti gbé Linux sí i. Ó dáa. Òótọ́ lo ń sọ látẹ̀yìn wá."

"Mi ò lò ó mọ́ o," ni Ṣadé wí.

Gbogbo yàrá yí ojú sí i. Ó ní ilé ìwòsàn tí òun wà ní Òṣogbo ti fún òun ní ẹ̀rọ tó ní Windows, ó sì ti mọ́ òun lára, òun kò ní àyè láti máa tẹ àṣẹ gígùn gbọọrọ kí òun tó tẹ ìwé kan jáde.

"Lẹ́yìn gbogbo ìyà tí o fi jẹ wá?" Wàsíù ti dìde. "Ìwọ tí o ní ẹni tó bá ń lo Windows kò mọ ohun tó wà nínú ilé ara rẹ̀?"

"Mo sọ ọ́. Mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ."

"Kò ṣe é kó jẹ."

Àgbẹ̀ oníṣu dìde, ó wọ́ àga rẹ̀ kọjá àyè òfìfo yẹn, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wàsíù. "Tí Ṣadé bá sá, èmi kò sá," ló wí. Tíṣà kan láti Ìfọ́n gbé àga tirẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ṣadé, ó ní kí òun lọ kí ẹni tó ti ronú pìwà dà káàbọ̀. Ẹlòmíì ní irọ́ ni. Ẹlòmíì ń ṣí láptọ́ọ̀pù láti fi ẹ̀rí hàn. Àga ń wọ́ ruru nílẹ̀, ohùn ń lọ sókè, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ pọ̀. Mo wo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo wo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, n kò lè fi ibi tí ẹnikẹ́ni jókòó sí mọ ìlú rẹ̀ mọ́. Lásún ń wò mí. Ojú rẹ̀ kún fún omi, tèmi náà kò gbẹ.

Ìyá Dámi sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ọṣẹ ń hó lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá Dámi, ṣé ìjà tún ti dé ni?"

"Ó ti dé," ni Lásún wí.

"Ta ló ń bá ta jà?"

"Linux ló ń bá Windows jà."

Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, Wàsíù àti àgbẹ̀ oníṣu tí wọ́n forí korí sídìí láptọ́ọ̀pù kan, Ṣadé àti tíṣà Ìfọ́n tí wọ́n ń na ìka sí wọn. Ó fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ kan àyà, ó sì rọra jókòó sórí àga tó sún mọ́ ọn jù.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má là wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà."